Àwọn Orúkọ Tí Ìyáálé Mi Tẹ̀ Sójú Lẹ́tà

Ìyáálé mi ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Mi ò ní dárúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, nítorí pé èmi fúnra mi kò fi ẹnu mi pe orúkọ náà rí láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Ó fi oṣù mẹ́jọ ṣáájú mi wọ agbo ilé wa ní Ìlá, oṣù mẹ́jọ yẹn ni ó sì fi ń jẹ gàba lé mi lórí títí di òní. Mo fi ọdún mẹ́ta dàgbà jù ú lọ. Mo kàwé jù ú lọ. Mo ti di ọ̀gá ilé-ìwé girama nígbà tí òun ṣì ń tẹ ìwé fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Kò sí èyí tó já mọ́ nǹkan kan nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ọkọ ni ìyáálé, ẹni tó bá tẹ̀ lé e ni ìyàwó, kódà kí ìyàwó náà ti hu ewú kí wọ́n tó gbé e wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ tí òun ń fi "o" dá mi lóhùn, tí ó sì ń pè mí ní "ìyàwó" níwájú àwọn ọmọ-ọmọ mi.

Mo tètè kọ èyí sílẹ̀ kí ẹni tó ń kà á má baà máa béèrè pé kí ló dé tí mi ò fi sọ ọ̀rọ̀ náà lójú rẹ̀ kòrókòró láti ọjọ́ kìíní. Mo sọ ọ́. Ẹ ó rí ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ní ọdún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, mo fọwọ́ kan kókó kan ní ọyàn mi apá òsì nígbà tí mò ń wẹ̀. Kò dùn mí. Ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn ni wọ́n ti sọ fún mi pé jẹjẹrẹ ni, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti gé ọyàn náà. Gbogbo ohun tí àwọn ará Ìlá mọ̀ ni pé ìyàwó àkọ́bí mi bímọ, mo sì lọ bá wọn tọ́jú ọmọ. Mo tọ́jú ọmọ náà lóòótọ́, ní àwọn ọjọ́ tí mo bá lè dìde. Nígbà tí mo padà dé, mo ká aṣọ, mo kì í sínú kọ́mú, mo lọ jókòó sí ààyè mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ẹni tó wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ mi mọ̀, àwọn ọmọ mi mọ̀. Ìyáálé mi náà mọ̀, nítorí pé ọkọ mi kò lè fi nǹkan pamọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí mo fi pa á mọ́, kí ó ní ọmọbìnrin tó ti tó lọ sílé ọkọ ní agbègbè wa. Kí ẹbí ọkùnrin tó wá tọrọ ọmọ, wọ́n á ti rán ènìyàn lọ wádìí. Wọ́n á béèrè bóyá wèrè wà nínú ilé náà, bóyá wárápá wà, bóyá àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń bí òkú ọmọ. Kò sí ẹni tí kì í ṣe é. Èmi náà rán àbúrò mi lọ sí Iresi nígbà tí àkọ́bí mi fẹ́ gbéyàwó, ó sì lo ọjọ́ méjì gbáko níbẹ̀ tó ń bi àwọn aládùúgbò léèrè ọ̀rọ̀. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin ṣì wà nílé nígbà tí wọ́n gé mi lọ́yàn. Ọmọkùnrin kan láti Ìgbájọ sì ti ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ni ó kó àwa obìnrin tí a ní àìsàn yìí jọ. Òun ló máa ń bá wa wo ojú ọgbẹ́ wa bí a bá ti Ìbàdàn dé, bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ̀ pé a pọ̀ ju bí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ti rò lọ. Mẹ́tàlélógún ni wá, láti Ìlá, láti Ìgbájọ, láti Iresi, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí. Yàrá ìkàwé kan ni a ti ń pàdé ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá ti lọ tán. Àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá rò pé ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wá. Àlàájà kan tó ń ránṣọ ló ń bá wa rán ìrọ̀rí kékeré tí a ń kì sínú kọ́mú. Ó máa ń gbé wọn sórí tábìlì olùkọ́, á ní, "Ta ló fẹ́ ti ọmọge? Ta ló fẹ́ ti ìyá àgbà? Ti ìyá àgbà kì í dúró o, ó máa ń wolẹ̀." A ó rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa.

Nígbà tí a nílò akọ̀wé, èmi ni mo mú ìyáálé mi wá. Òtítọ́ ni mo jókòó láti kọ, mi ò sì ní yọ tèmi sílẹ̀ níbẹ̀. Kò ní àìsàn kankan, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ti fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun, ọwọ́ rẹ̀ sì yá nídìí ìwé títẹ̀. Ó ti mọ̀ nípa tèmi tẹ́lẹ̀. Mo rò pé kò sí ohun tí yóò tún mọ̀ tó lè pa mí lára.

Púpọ̀ nínú wa kò ní ímeèlì tiwa. Nígbà tí ó gbé ìwé yí ká pé kí oníkálukú kọ àdírẹ́sì rẹ̀, àdírẹ́sì àwọn ọmọ wa ni a kọ. Ẹnì kan kọ ti ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó, obìnrin kan láti Ìgbájọ kọ ti ọmọ àbúrò rẹ̀, òmíràn kọ ti oníṣọ́ọ̀bù tó máa ń bá a tẹ ìwé. Èmi kọ ti àbíkẹ́yìn mi. Orúkọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà nínú àdírẹ́sì náà, gbangba bí ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri. Bí a ti ń ṣe é níhìn-ín nìyẹn. Lẹ́tà tí wọ́n bá kọ sí ìyá, ọmọ ni yóò gbà á, yóò sì kà á fún un lórí fóònù.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ìyáálé mi fi ránṣẹ́ kò ju ìlà mẹ́fà lọ. Dókítà kan ń bọ̀ wá bá wa sọ̀rọ̀, kí a má pẹ́ dé. Àkọlé tí ó fún un ni "Sí Ẹ̀yin Obìnrin Tí Ẹ Ti Gba Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Ọyàn". Lókè àkọlé yẹn, ó tẹ àdírẹ́sì mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún sílẹ̀ gbọọrọ, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé ẹni yòówù tó bá gba lẹ́tà náà rí orúkọ gbogbo àwọn tó kù. Ẹnì kan tún wá fi àdúrà fèsì sí gbogbo wa pọ̀, pé kí Olúwa wo gbogbo wa sàn. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń rò pé lẹ́tà náà ṣìnà ni, àdúrà yẹn là á yé e.

Ọmọ àbúrò obìnrin Ìgbájọ yẹn, tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, gba lẹ́tà tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi ni. Ó rí orúkọ ọmọ mi láàárín àwọn obìnrin tí wọ́n ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Kò rò ó pé bí òun ṣe ń gba lẹ́tà fún ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá kan wà lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó rí ni ó sọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí àwọn ẹbí méjèèjì ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Àbúrò bàbá ọmọkùnrin náà àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin wá bá mi nílé. Mo gbé omi fún wọn, wọn kò mu ún. Nígbà náà ni mo ti mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá wá kò dára.

"Ìyá, ẹ má bínú," ọkùnrin náà wí. "A gbọ́ pé ara ọmọ yín kò yá."

"Ọmọ mi wo?"

"Èyí tí ọ̀rọ̀ wa kàn náà ni. A gbọ́ pé wọ́n ti gé e lọ́yàn."

Mo dìde dúró. Mo ní, "Ara ọmọ mi dá ṣáṣá. Èmi ni wọ́n gé lọ́yàn."

Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó ń wo àjà. Obìnrin náà ní tirẹ̀ wo àyà mi, ó wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń wo ẹran lórí igbá. Lẹ́yìn náà ó ní, "A dúpẹ́ tí ẹ sọ òtítọ́ fún wa, Ìyá. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà lára yín, ta ló mọ ọjọ́ tí yóò yọ lára òun náà?"

Wọn kò padà wá mọ́. Ọmọkùnrin náà pe ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan, ó sunkún, ó sì ṣe ohun tí àwọn àgbà ilé rẹ̀ ní kí ó ṣe. Ọdún kejì ni ọmọ mi lọ sí òkè òkun. Ó máa ń pè mí ní ọjọ́ Àìkú. Á béèrè bóyá mo ti jẹun, á béèrè bóyá iná wà, a kì í sì sọ̀rọ̀ tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bi mí ní ìbéèrè, kí ó tó wọ ọkọ̀ tó gbé e lọ. Ó ní, "Màámi, kí ló dé tó jẹ́ àdírẹ́sì mi lẹ kọ?"

Mo lọ bá ìyáálé mi ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn ará Ìgbájọ wá yẹn. Ó ń bó ẹ̀gúsí lójú ọ̀nà yàrá rẹ̀.

"Ìyáálé mi, ẹ wá wo ohun tí lẹ́tà yín ṣe."

"Lẹ́tà wo?"

"Èyí tí ẹ to orúkọ gbogbo wa sí lórí."

"Èmi kọ́. Kọ̀ǹpútà ló tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Àbí èmi ni mo ṣe kọ̀ǹpútà ni, ìyàwó?"

"Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́!"

Ohùn mi ti lọ sókè. Ó da ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó kígbe, "Ẹ gbà mí o! Ẹ wá gbọ́ ohun tí ìyàwó ń sọ sí mi nínú ilé yìí!" Gbogbo agbo ilé tú jáde. Ọkọ mi wá, kò sì béèrè ohun tó fà á. Ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n bẹ ìyáálé mi, kí àwọn ará ìta má baà gbọ́ ohùn mi. Èmi tí mo ti na àwọn ọmọ tí wọ́n ti di adájọ́ lónìí, mo kúnlẹ̀ sórí èèpo ẹ̀gúsí. "Ẹ dárí jì mí, Ìyáálé mi." Ó ní, "Mo ti gbọ́. Dìde." Ó sì ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Ọkọ mi ti kú báyìí. Mo ti dárí ohun púpọ̀ jì í. Mi ò tíì dárí ti ọjọ́ yẹn jì í.

Mẹ́sàn-án nínú wa kò wá sí ìpàdé mọ́ lẹ́yìn lẹ́tà náà. Ọ̀kan nínú wọn kò padà sí ilé ìwòsàn rárá, nítorí ó ní ẹni tó bá rí òun nínú ọkọ̀ Ìbàdàn yóò mọ ibi tí òun ń lọ. A sin ín kí ọdún tó yí.

Mo pinnu pé n ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà lóòótọ́, n ó gbà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni, n ó mọ ọwọ́ ẹni tí í ṣe, n ó sì mọ bí ẹnikẹ́ni kò ṣe ní tún un ṣe mọ́. Obìnrin kan wà tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, ó lè tó ọmọ ọdún márùndínlógójì. Mò ń gun ọ̀kadà lọ bá a ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Màámi, ẹ wo ibí," ó wí fún mi ní ọjọ́ tí mo gbé ìbéèrè mi dé. "Àpótí mẹ́ta ló wà lókè lẹ́tà. Orúkọ tí ẹ bá kọ sínú méjì àkọ́kọ́, gbogbo ayé ló ń rí i. Ìkẹta yìí, èyí tí wọ́n kọ Bcc sí, orúkọ tí ẹ bá kó síbẹ̀, lẹ́tà á dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹnì kan kò ní rí ẹnì kejì."

Mo bi í pé kí ni Bcc yẹn dúró fún. Nígbà tí ó sọ pé ọ̀rọ̀ kábọ̀n ló wà nínú rẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Pépà kábọ̀n! Mo mọ pépà kábọ̀n. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, bí mo bá kọ ìwé ìbáwí sí olùkọ́ kan, mo máa ń ní kí atẹ̀wé mi fi kábọ̀n sáàárín, kí ó yọ ẹ̀dà kan fún ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, kí ó má sì jẹ́ kí ó hàn lójú ìwé ti olùkọ́ náà pé ẹ̀dà kan lọ síbòmíràn. Mo ti ṣe é fún ọdún pípẹ́. Ìyáálé mi náà ti ṣe é fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Kò lè sọ fún mi pé òun kò gbọ́ ọ rí.

Mi ò kàn gba ohun tí oníṣọ́ọ̀bù náà sọ gbọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ó ṣí ímeèlì mẹ́ta fún mi. Mo fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti inú ọ̀kan sí méjì tó kù, mo sì ṣí wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Bí ẹnì kan bá fèsì sí gbogbo ènìyàn ńkọ́?"

"Ọ̀dọ̀ yín nìkan ni yóò dé, bó bá jẹ́ orúkọ yín nìkan ló wà lókè."

"Bí mo bá ṣí èyí tó wà lọ́dọ̀ mi han ẹlòmíràn ńkọ́?"

"Háà, ìyẹn á hàn o. Ọ̀dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́ ni àkójọ orúkọ máa ń wà. Ẹ má ṣí i fún ẹnikẹ́ni." Ó wò mí. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé iṣẹ́ ọlọ́pàá ìkọ̀kọ̀ lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó yìí ni?"

Mo ní, "Bí wọ́n bá gbà mí, n ó ṣe é."

Láti ìgbà náà, mo ń lọ bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mò ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣí ímeèlì tiwọn, kí wọ́n yọ ti àwọn ọmọ wọn kúrò. Àwọn kan gbà. Àwọn kan ní ojú àwọn kò ríran tó bẹ́ẹ̀. Ìyáálé mi ṣì jẹ́ akọ̀wé ní tirẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó ní ìgboyà láti sọ fún un pé kí ó sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù ni ó fi ń pe ènìyàn sí ìpàdé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Ọdún yìí ni ọ̀rọ̀ náà tún dìde. A ti di mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Dókítà kan yóò wá láti Ìbàdàn, yóò lo ọjọ́ méjì, yóò yẹ oníkálukú wò, ó sì fẹ́ kí a mú gbogbo ìwé ilé ìwòsàn wa wá. Ìyáálé mi dìde nínú ìpàdé, ó ní ohùn òun kò lè pe ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n mọ́, ímeèlì ni òun yóò fi ránṣẹ́.

Bí ìpàdé ọjọ́ náà ti tú ni ọmọbìnrin kan fà mí sẹ́yìn pátákó ìkọ̀wé. Olùkọ́ ni ní Iresi, ọdún kejì rẹ̀ nìyí nílé ọkọ, òun ló kéré jù nínú wa.

"Màámi, ìyá ọkọ mi kò mọ̀ o. Ọkọ mi nìkan ló mọ̀. Àwọn àbúrò ọkọ mi wà l'Ékòó, wọ́n mọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á ní kí ó fẹ́ ẹlòmíràn. Bí orúkọ mi yóò bá jáde, ẹ jẹ́ kí n dá wíwá dúró báyìí."

"Bí o bá dá wíwá dúró, ta ni yóò máa wò ọ́?"

Ó ń fi èékánná ha ẹfun gbígbẹ tó wà lára pátákó. Mo rántí ẹni tí a sin. Mo sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ kò ní jáde. Mo ti ṣe ìlérí náà tán kí n tó rántí pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó wà.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo dìde. Mo ní, "Kí lẹ́tà yìí tó lọ, mo fẹ́ kí a kó àdírẹ́sì gbogbo wa sí ibi tí ẹnì kan kò ti ní rí ti ẹnì kejì."

"Ìyàwó, jókòó," ìyáálé mi wí. "Kí là ń fi pamọ́ níbí? Ṣé a ò mọ ara wa ni?"

Àlàájà aránṣọ ló gbà á lẹ́nu rẹ̀. "A mọ ara wa, Akọ̀wé. Ọmọ mi tó ń bá mi ka ímeèlì ni kò mọ̀ yín. Kò sì sí ohun tí ojú ọmọ yẹn rí tí ẹnu rẹ̀ kì í sọ. Èmi ni mo bí i, ara mi ló ti mú un."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága wa, ìyá kan láti Ìgbájọ, ní kí ìyáálé mi tẹ lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n kí n wà níbẹ̀ nígbà tí yóò bá fi ránṣẹ́. Ìyáálé mi ní, "Kí ó wá. Kí ó wá kọ́ mi níṣẹ́ tí mo fi jẹun." Ó ní kí n wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Mo lọ ní ọjọ́ Ẹtì, ní òwúrọ̀. Mo mọ obìnrin náà.

Mo bá a ní pálọ̀ rẹ̀, ó ti ṣí kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Àdírẹ́sì mọ́kọ̀ọ̀kànlélọ́gbọ̀n ti wà nínú àpótí àkọ́kọ́. Ti ọmọbìnrin Iresi yẹn ni ó ṣìkẹta láti ìsàlẹ̀, orúkọ ọkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ ketekete. Àkọlé àtijọ́ náà ni ìyáálé mi tún fún lẹ́tà náà. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ibi tí yóò tẹ̀ kí lẹ́tà lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọwọ́ kúrò níbẹ̀."

Ó ta gìrì. "Kí ló gbé ọ dé? Àbámẹ́ta ni mo pè ọ́. Iná wà ni mo ṣe ní kí n tètè ṣe é kí wọ́n tó mú un lọ."

"Ẹ mú ọwọ́ kúrò, mà."

"Ìwọ ni o ń pàṣẹ fún mi nínú ilé mi?"

Àga ọkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé e láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti kú. Mo gbé e. Ó wúwo, mo sì wọ́ ọ lórí ilẹ̀ gbùrùgbùrù títí tó fi kan àga tirẹ̀. Mo jókòó. Mi ò jókòó ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ rí ní gbogbo ọdún tí mo lò nínú agbo ilé yẹn, àpótí ìdáná tàbí ẹní ni wọ́n máa ń tọ́ka sí fún mi.

Ó wò mí títí. Ó ní, "Orí rẹ ti dàrú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. N ó jókòó síhìn-ín títí iná yóò fi lọ. Bí ó bá padà dé lọ́la, ẹ ó bá mi níhìn-ín. Mo ti se oúnjẹ dání." Mo ṣí báàgì mi, mo fi kúlà ẹ̀wà hàn án.

"Kò sí ohun tó ṣe lẹ́tà àkọ́kọ́. Mo ti sọ fún ọ pé kọ̀ǹpútà ló..."

"Ìyáálé mi, mi ò wá nítorí lẹ́tà àkọ́kọ́. Ọmọ mi ti lọ. Ọmọ ọlọ́mọ kan ló kù tí kò tíì lọ."

A jókòó bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ń gún iyán ní ilé kejì, a gbọ́ ọ títí ó fi parí. Ìyáálé mi ló kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kúrò. Mi ò gba kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ tirẹ̀ ni mo fẹ́ kí ó ṣe é. Mo ń nawọ́, òun ń tẹ̀. "Ẹ gé wọn kúrò níbẹ̀. Ẹ ṣí ìkẹta yẹn. Ẹ kó wọn síbẹ̀. Ẹ wá kọ àdírẹ́sì ti ara yín nìkan sókè." Ó ń kùn sínú, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é, ìka rẹ̀ sì yá bí ti àtijọ́. Nígbà tí mo ní kí ó yí àkọlé náà padà, ó kọ̀, ó ní ọ̀nà ìwé kíkọ nìyẹn. Mo sọ fún un pé ìyá ọkọ lè máa wo fóònù láti ẹ̀yìn ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó ronú sí i, ó pa á rẹ́, ó sì kọ "Ìpàdé Wa Ti Ọjọ́bọ̀". Ó yọ jẹjẹrẹ kúrò nínú ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà pẹ̀lú láìjẹ́ pé mo sọ fún un.

Lẹ́tà náà lọ. Fóònù mi dún nínú báàgì, mo sì nà án sí i pé kí ó wò ó fúnra rẹ̀. Ó fi awò ojú rẹ̀ sí. Orúkọ tirẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ó fi ìka yí i lọ sókè, ó yí i lọ sísàlẹ̀, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ lórí ẹní.

"Níbo ni wọ́n wà?"

"Gbogbo wọn ti gbà á. Wọn kò rí ara wọn ni."

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ wọlé láti ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin Iresi, mo sì kà á sókè: "Mo ti gbà á, mà. Mo wò ó dáadáa, mi ò rí ẹnikẹ́ni. N ó wá ní Ọjọ́bọ̀, n ó kó gbogbo ìwé mi dání."

Ìyáálé mi dá fóònù padà fún mi. Ó pa kọ̀ǹpútà náà dé, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí ìró nù ún, kò sì wojú mi rárá nígbà tí ó sọ̀rọ̀.

"Ọjọ́ kejì tí lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn lọ ni ọmọ mi tó ṣí ímeèlì náà fún mi ti pè mí láti òkè òkun, tó ní èmi ni mo tẹ orúkọ yín síbẹ̀, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà, ìyàwó. Ó yá, gbé àga bàbá yẹn padà síbi tí o ti gbé e."